Ọjọ́ mẹ́jọ létí òkun, ibi ìsùn méjì péré

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù Kìíní tó ń bọ̀ ni èmi àti ọkọ mi máa pé ogún ọdún tí a ti ṣègbéyàwó. A fẹ́ lọ fi ọjọ́ 8 sinmi létí òkun, àwa méjì péré, ká fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọkọ mi kì í wọ bàálù, àmọ́ bí mọ́tò bá ti ń lọ tó ń wo ìta, ara rẹ̀ yá nìyẹn. A ti ṣètò pé ká gbé ọkọ̀ wa, ká sùn ní Àgbádárìgì, Kútọnu, Ganvié, Ouidah, Grand-Popo, Lomé, ká sì dé Akrá ká tó yípadà. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé a lè lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun níbẹ̀? Kí ni a óò máa jẹ, nítorí ọkọ mi ní ọgbẹ́ inú, kò gbọ́dọ̀ jẹ ata?”

Ẹ kú oríire ogún ọdún. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 15 tí mo ti ń mú èèyàn gba ọ̀nà etí òkun yìí, àwọn tọkọtaya ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo sì ti rí àwọn tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Mile 2. Kì í ṣe owó ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Iye ibi tí wọ́n sùn ni.

Ẹ jẹ́ ká ka ètò yín. Òru 7 ló wà nínú ọjọ́ 8, ìlú 7 lẹ sì kọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé láràárọ̀ lẹ óò máa di ẹrù, nírọ̀lẹ́ lẹ óò máa wá ilé ìtura. Ẹnubodè mẹ́ta ló wà láti ọ̀dọ̀ wa dé Gánà. Ẹ óò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ẹ óò gbà wọ́n bọ̀, òǹtẹ̀ ìjáde kan àti òǹtẹ̀ ìwọlé kan sì ni níbi kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ 12 nìyẹn nínú ìwé ìrìnnà ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ìlà 12 tí ẹ óò tò nínú oòrùn. Ó ṣeé ṣe. Àwọn awakọ̀ ọlọ́jà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ sinmi ni, mi ò sì ní fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ yọ Akrá kúrò pátápátá, ó tó ìrìn-àjò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sùn ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní Porto-Novo, fún òru 2. Ẹ lọ sí Grand-Popo, ẹ sùn níbẹ̀ fún òru 4. Ẹ padà wá sùn ní Àjàṣẹ́ lóru tó kẹ́yìn, nínú ilé ìtura kan náà, kí ẹ lè fi ẹrù tó bá wúwo sílẹ̀ dè yín níbẹ̀. Kútọnu àti Ouidah wà lójú ọ̀nà, ẹ óò rí wọn láìsùn síbẹ̀. Láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ títí dé Grand-Popo kò fi bẹ́ẹ̀ ju Ìbàdàn sí Èkó lọ, ọ̀nà ọ̀dà tó dán ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá lè má fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ẹ bá máa gbé ọkọ̀ kọjá, ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tẹni tó ń wà á mu, ẹ óò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ẹ óò sì ra káàdì adójútòfò ECOWAS, èyí tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn káàdì yẹn ní 1982. Èyí ṣì rọrùn. Ohun tó le ni àwọn tó máa dá yín dúró láàrin Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí oníkálukú wọn fẹ́ wo ìwé. Ọkùnrin tó bá wa ọkọ̀ la gbogbo ìyẹn kọjá kò ní wo ìta, iwájú ni yóò máa wò, orí yóò sì máa fọ́ ọ. Ẹ sì sọ fún mi pé wíwo ìta ló ń mú ara ọkọ yín yá. Ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ gbé ọkọ̀ yín dé ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan l'Ékòó, ẹ háyà mọ́tò dé Sẹ̀mẹ̀. Bí ẹ bá ti kọjá, ẹ háyà òmíràn pẹ̀lú awakọ̀ ará ibẹ̀ tó gbọ́ Ẹ̀gùn, Faransé àti Yorùbá díẹ̀. Irú wọn pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Kí ẹ bá a ná iye ọjọ́, iye owó, ta ni yóò ra epo, kí ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀. Bó bá fẹ́ ra epo inú ìgò tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, ẹ sọ fún un pé ilé epo gidi lẹ fẹ́. Epo yẹn ti jó ọ̀pọ̀ ilé àti èèyàn.

Ìwé tiyín náà ńkọ́? Ọmọ ECOWAS ni yín, láti àdéhùn 1979 ni ẹ ti ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Pásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, káàdì yẹ́lò, lẹ nílò. Bí ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ yẹn rí tí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti kọjá ọdún 10. Láti oṣù Keje 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ títí ayé ẹni. Láti 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ ti ń jókòó sínú ọgbà kan náà ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, ìyẹn ti dín rìnrìnkiri kù. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ mú pásípọ́ọ̀tù yín dé ojú fèrèsé. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá sáré pàdé yín. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọkùnrin kan gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ní òun á bá mi lù ú kíákíá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ ìjáde nìkan ló lù, kò lu ti ìwọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, wọ́n ní mi ò wọ ìlú wọn rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde? Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Láti ìgbà náà, mo máa ń ṣí ojú ìwé náà wò kí n tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ oṣù Kìíní tí ẹ mú dára. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ lè mú díẹ̀ láàárọ̀, òjò kò ní dí yín lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 10 oṣù Kìíní bọ́ sí. Ọjọ́ ọdún Vodun ni ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, Ouidah sì ni ojúbọ ńlá rẹ̀. Láti 2024 ni ìjọba wọn ti sọ ọ́ di àjọ̀dún ọlọ́jọ́ mélòó kan, èèyàn ń tú wá láti Brazil, Haiti àti Amẹ́ríkà. Ó dára láti wò, ṣùgbọ́n ilé ìtura kún, owó yàrá gun òkè, ọ̀nà sì há. Ẹ lọ lẹ́yìn ọjọ́ 20. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbọ́ ìròyìn ẹnubodè. Ìjọba wa ti bodè ní oṣù Kẹjọ 2019, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà, inú ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì bọ́ sí agbede méjì.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi ní kí ẹ sùn ní Àjàṣẹ́ nígbà tí kò sí òkun níbẹ̀. Ọ̀sà ló wà níbẹ̀, ìlú náà sì tutù. Òun ni olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ Kútọnu ló kó gbogbo ariwo lọ. Ẹ óò ji láàárọ̀, ẹ óò jáde síta, ẹ óò gbọ́ “ẹ kú àárọ̀” lẹ́nu ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kò gbé Nàìjíríà rí. Bí ìtàn àwọn ará ìlú ṣe sọ, àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ló rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó yọ jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Abórí Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é títí dòní, ojúbọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo mọ́sáláṣí ńlá wọn láàrin ọjà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ló dúró síwájú òun, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì àti àwọ̀ mèremère. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà ilé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé fún Ọlọ́run nínú ẹ̀sìn méjèèjì.

Bí bàbá bá fẹ́ràn oko, ẹ mú un lọ sí ọgbà Songhai. Àlùfáà ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹja, ewé, ẹran, gáàsì ìdáná tí wọ́n ń fà láti inú ìgbẹ́ ẹran, gbogbo rẹ̀ ń gbé ara wọn ró. Ilé oúnjẹ àti yàrá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ní òun kò fẹ́ràn ìrìn-àjò tó lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ láìbéèrè omi.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Mi ò ní kí ẹ dúró pẹ́ ní Kútọnu. Ẹ wo ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n ṣí ní 2022, ó ga tó mítà 30, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọjá. Ganvié, ìlú orí omi ní adágún Nokoué, yẹ ní wíwò lóòótọ́. Àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi nítorí àwọn akónilẹ́rú, wọ́n sì kọ́ ilé wọn sórí òpó. Àmọ́ ilé àwọn èèyàn ni, kì í ṣe ọgbà ìran. Ọkọ̀ ojú omi pọ̀, àwọn tó ń fa àlejò mọ́ra pọ̀ ní èbúté Abomey-Calavi, ariwo wọn sì lè ba ọjọ́ jẹ́ fún ẹni tó wá sinmi. Bí ẹ bá fẹ́ lọ dandan, ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè.

Láti Kútọnu, ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó má gba ọ̀nà ńlá. Kó gba ọ̀nà àwọn apẹja, Route des Pêches, tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun láti Fidjrossè dé Ouidah, nǹkan bí kìlómítà 40. Igi àgbọn ní ọwọ́ kan, òkun ní ọwọ́ kejì, àwọn ọmọ tó ń ta àgbọn tútù, ẹja lórí iná. Ojú ọ̀nà yìí ni ọkọ yín máa rántí títí.

Ouidah yẹ fún ọ̀sán kan gbáko. Tẹ́ńpìlì òjòlá wà níbẹ̀, ó kojú sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì gan-an, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ rin ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun, nǹkan bí kìlómítà 4, títí dé Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀. Láti ibí yìí ni wọ́n ti ra Kossola, ọmọ Yorùbá láti apá Bantè, ní 1860, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ Clotilda gbé e lọ sí Alabama. Ó lé ní 70 ọdún tó fi gbé ilẹ̀ àjèjì, kò sì padà rí ilé mọ́. Mo máa ń bẹ àwọn tọkọtaya tí mo bá mú wá pé kí wọ́n pa orin mọ́tò, kí wọ́n fọwọ́ mú ara wọn, kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣeré etíkun. Lójú ọ̀nà yẹn kan náà ni Djègbadji wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀ láti inú ẹrẹ̀ ọ̀sà. Wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á gbé e ka iná títí iyọ̀ yóò fi dì. Ẹ ra díẹ̀. Ó yàtọ̀ lẹ́nu sí iyọ̀ ọ̀rá.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti dé Grand-Popo. Ẹ tú ẹrù, nítorí ẹ kò ní dì í mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Grand-Popo kò ní ohun púpọ̀, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ìlú olówò ńlá ni tẹ́lẹ̀, òkun ló jẹ púpọ̀ nínú ilé àwọn oníṣòwò àtijọ́ lọ. Ohun tó kù ni iyanrìn gígùn, igi àgbọn, ọ̀nà kan ṣoṣo, ilé ìtura mélòó kan létí omi. Ẹ mú yàrá tó kojú sí òkun bí owó yín bá gbé e, nítorí ariwo ìgbì lóru ni ìdajì ohun tí ẹ san owó lé. Kí ẹ bèèrè bóyá àpò ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn. Ibà kò mọ̀ pé ẹ wà lórí ìsinmi.

Ní àárọ̀, ẹ lọ síbi tí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n. Àwọ̀n náà gùn débi pé ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e lọ sí ìta òkun ní òru tàbí ìdájí, tí àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé yóò tò sí okùn méjì láti máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orin. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Bí ẹ bá kí wọn dáadáa, wọ́n á fún yín láyè lórí okùn. Nígbà tí ìkùn àwọ̀n bá gúnlẹ̀, ẹ ra ẹja níbẹ̀, kí ẹ fún alásè ilé ìtura yín kó bá yín yan án. Mi ò tíì rí tọkọtaya tó jọ fa àwọ̀n yẹn tí wọn kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan nínú mẹ́rin náà, ẹ gba ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti pàdé òkun. Ẹ óò gba àárín igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn, ẹ óò rí ẹyẹ, ẹ óò rí abúlé orí erékùṣù. Lápá kan ẹ óò dúró lórí iyanrìn tínínrín, odò lẹ́yìn yín, òkun níwájú. Àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sí etíkun yẹn, àwọn ará ìlú sì ń ṣọ́ ẹyin náà. Ibẹ̀ wà lára ilẹ̀ odò Mono tí UNESCO forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2017, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń dáàbò bò. Ẹ ná owó kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ sì wọ ẹ̀wù tó ń léfòó kí wọ́n tó tukọ̀ kúrò. Bí kò bá sí ẹ̀wù yẹn, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.

Èyí mú mi dé ìbéèrè yín nípa lílúwẹ̀ẹ́. Rárá. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yẹn, bó ti wù kí ẹ mọ̀ ọ́n tó.

Etíkun wa láti Èkó dé Lomé kojú sí gbangba òkun, kò sí erékùṣù tàbí àpáta tó dí ìgbì lọ́nà. Ìgbì tó ń fọ́ ní Grand-Popo ti ń bọ̀ láti gúúsù ọ̀nà jíjìn, agbára rẹ̀ ṣì pé nígbà tó bá gúnlẹ̀. Etí omi náà sì jìn lójijì, ẹ óò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, omi á ti dé àyà. Gbogbo omi tí ìgbì bá dà sórí iyanrìn ní láti padà, ó sì máa ń wá ojú ibì kan gbà bí àgbàrá. Ojú àgbàrá yẹn ló ń gbé èèyàn lọ. Ohun tó ń tan àlejò jẹ ni pé ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tó dà bíi pé ó parọ́rọ́ láàrin ìfóòfó méjì, ni wọ́n máa ń yàn láti wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú àgbàrá náà. Bí omi bá gbé ẹnì kan, kó má bá a jà láti padà tààrà sétí ilẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán. Kó fi ẹ̀yìn léfòó, kó gbọ́wọ́ sókè, kó sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kó má kó sínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Kó ju okùn, àgbá òfìfo, ohunkóhun tó ń léfòó sí i, kó sì pariwo pe àwọn apẹja. Ẹ jẹ́ kí òkun máa fọ ẹsẹ̀ yín títí dé kókósẹ̀, ẹ jókòó sórí iyanrìn, ẹ wo ó. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ẹ yan ilé ìtura tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lórí fóònù kí ẹ tó san owó.

Ní ti oúnjẹ, ọkàn yín á balẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa l'Ékòó, inú ọbẹ̀ ni ata wà, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, lọ́pọ̀ ilé oúnjẹ, wọ́n máa ń gbé ata sí ẹ̀gbẹ́ àwo nínú abọ́ kékeré, ẹni tó bá fẹ́ ni yóò fi kún un. Síbẹ̀ ẹ máa sọ fún wọn ṣáájú, “sans piment”, ẹ pè é ní sọ́n pímọ́n, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́.

Ohun tí mo máa yàn fún bàbá ni pìrọ̀n. Gàrí ni, àmọ́ omi ẹran tàbí omi ẹja ni wọ́n fi rò ó dípò omi gbígbóná lásán, ó rọ̀, ó sì ń dùn láìsí ata. Ablo tún wà, ìrẹsì àti àgbàdo tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó wú, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ó funfun, ó fúyẹ́, ó dùn díẹ̀ lọ́fun. Pẹ̀lú ẹja yíyan, ó pé. Ewédú wà, crin-crin ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sọdá sí Tógò, adémè ló ń jẹ́. Wàrà àwọn Fúlàní wà, wagashi, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà rẹ lára pupa. Ẹ ní kí wọ́n sè é nínú ọbẹ̀ dípò kí wọ́n dín in. Amìwó, ìyẹn òkèlè àgbàdo pupa tí wọ́n fi tòmátò àti omi adìyẹ rò, ni oúnjẹ tí gbogbo àlejò ń yìn, èmi náà ń yìn ín. Ṣùgbọ́n tòmátò pọ̀ nínú rẹ̀, bí tòmátò bá ń ta inú bàbá, kó tọ́ ọ wò nínú àwo yín. Moyó, ata tútù, àlùbọ́sà àti tòmátò gígé tí wọ́n dà sórí ẹja díndín, tiyín nìkan nìyẹn. Sodabi kò yàtọ̀ sí ògógóró wa, kó má sún mọ́ ọn rárá. Kó gbé oògùn rẹ̀ dání láti ilé, kí ó sì pọ̀ ju ti ọjọ́ 8 lọ.

Ẹ̀yin tí inú yín le, ẹ má kúrò ní Àjàṣẹ́ láìjẹ ẹlẹ́dẹ̀ yíyan Adjarra, bí ẹ̀sìn yín bá gbà á. Àti àkàrà àárọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ata ni àwọn Ẹ̀gùn ń pe àkàrà, kí ẹ má baà sá fún un nítorí orúkọ.

Lomé ńkọ́? Bí ara yín bá fẹ́ rìn ní ọjọ́ kan, ẹ sọdá ní Hillacondji, kò jìnnà sí Grand-Popo, ẹ sì dúró ní Aného. Ìlú àtijọ́ ni, láàrin òkun àti ọ̀sà, àwọn Jámánì fi ṣe olú ìlú wọn nígbà kan rí kí wọ́n tó kó lọ sí Lomé. Ẹ jẹun ọ̀sán létí ọ̀sà, ẹ padà. Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, nítorí náà ẹ wo aago Bẹ̀nẹ̀ fún ìpadàbọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ yín lẹ́nubodè. Bí ara yín kò bá fẹ́ rìn lọ́jọ́ yẹn, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àgbọn. Kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

Owó séfà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, ìṣirò rẹ̀ sì so mọ́ owó Yúróòpù: séfà 655.957 ni yúrò kan. Ẹ fi ìyẹn yẹ iye tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ fún yín wò. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo owó yín lẹ́nubodè, ẹ sì ka ohun tí wọ́n bá fún yín kí ẹ tó fi tiyín lé wọn lọ́wọ́. Ẹ béèrè fún ìwé owó 500 àti 1,000. Ẹni tó bá mú 10,000 jáde láti ra àgbọn kò ní rí ṣéńjì gbà. Ọ̀kadà wọn, zémidjan, dára fún ọ̀nà kúkúrú, ẹ ná an kí ẹ tó gùn ún. Bí ẹ bá gbọ́ “kwabọ̀” lẹ́nu wọn, “ẹ káàbọ̀” wa ni wọ́n mú lò, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ní ọjọ́ keje, ẹ jẹun àárọ̀ pẹ́, ẹ padà gba ọ̀nà ńlá lọ sí Àjàṣẹ́. Lójú ọ̀nà, ẹ ra ọ̀pẹ̀yìnbó Allada. Ara rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé kò tíì pọ́n, inú rẹ̀ funfun, adùn rẹ̀ sì ju tàwọn tó pupa lọ. Ẹ mú èyí tí ìdí rẹ̀ ń ta sánsán. Ẹ ra fún ìyá tó ń bá yín tọ́jú àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, kí aago 8 àárọ̀ bá yín ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ lu òǹtẹ̀ méjèèjì, ẹ ṣí ojú ìwé náà wò, ẹ wọ mọ́tò. Ẹ óò dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ yín l'Ékòó lọ́sàn-án, ẹ óò sì dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹ bá ti mú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ kọ̀wé sí mi, mo máa sọ fún yín bí ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi kí bàbá.